Fádà, agbẹ́gilére àti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì

Làmídì Ọlọ́nàadé Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Mùsùlùmí ni. Ẹ tún orúkọ rẹ̀ gbọ́: Làmídì ti mọ́ṣáláṣí, Fákẹ́yẹ ti Ifá, Ọlọ́nàadé ti ìdílé tó ń gbẹ́gi láti ìran dé ìran. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní láti béèrè nípa fádà kan, Kevin Carroll.

Kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run máa ṣe tíṣà, kó sì tún máa ṣèwádìí. Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, ti ṣe tíṣà rí. Ó jókòó ti àwọn arọ́kin, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni Johnson. Òyìnbó ni Carroll.

Ní 1947, òun àti Fádà O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Ọ̀gá tó ń kọ́ni ní igi gbígbẹ́ níbẹ̀ ni Bándélé ará Òsì, ọmọ Areogun tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì ti kọ́ṣẹ́ láti 1949. Àwọn tó ń ra ère òrìṣà ti ń dín kù nígbà náà, ọmọ agbẹ́gi sì gbọ́dọ̀ jẹun; ṣọ́ọ̀ṣì ló wá ń gbé iṣẹ́ fún un.

Fádà Carroll ń wò, ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọnà lílé ló ṣáájú: àáké á bu igi títí orí, àyà àti ẹsẹ̀ á fi hàn. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ. Dídán á mú kí ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, tí ọ̀bẹ á fa irun orí àti ìpéǹpéjú. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1967. Lójú tèmi, èyí ni iṣẹ́ ìwàásù rẹ̀ tó pẹ́ jù: ó ka agbẹ́gi sí olùkọ́.

Àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ iṣẹ́ àwọn agbẹ́gi wọ̀nyí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ère tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ sílẹ̀ ló tún fẹ́ padà wọlé. Ẹ̀rù wọn yé mi, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé Carroll kò torí rẹ̀ dá iṣẹ́ náà dúró.

Ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ kógbá sílé ní 1954. Làmídì kò kúrò nínú Ìsìláàmù títí ó fi kú ní 2009. Ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1978, ó gbẹ́ ère Odùduwà síbẹ̀ ní 1987. Nígbà tó di 1996, ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní ìwé, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́.