Àmánà Ni Iṣẹ́ Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Aago Iná

Láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, ilé-iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí pọ̀ jọjọ. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe é bó ti yẹ, ẹnì kan wà tó ń ṣọ́ aago iná. Bí ẹ̀rọ bá gbóòórùn èéfín, aago á dún. Ó lè dún lásán lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ pa á láìlọ wò ó.

Èéfín sábà máa ń pani ṣáájú iná. Ní September 16, 2025, iná ṣẹ́ yọ ní Afriland Towers, Broad Street, Èkó. Ó kéré tán, ẹ̀mí 10 ló bá a lọ.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí á pa iná kí á tó sùn. Ẹ máa dán aago yín wò lóṣooṣù, ẹ má kó ẹrù dí ẹnu ọ̀nà. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ pe 767 tàbí 112.