Eégbọn àti Ibà Tí Ó Ń Gbé Kiri

Kòkòrò kékeré kan wà tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ìgbà èwe. A ń já a kúrò létí ajá, a ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ pa, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ. Eégbọn ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí koríko ti ga tí màlúù sì pọ̀, kò lè sọ pé òun kò tíì rí i rí. Síbẹ̀, nígbà tí ibà bá mú wa, kì í ṣe òun ni a máa ń rò.

Ẹ wo bí ó ti máa ń rí. Òjò ti rọ̀, àgbẹ̀ sì ti ro oko iṣu rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn èyí, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná, ọrùn àti ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ní ibà ti dé. Ó ra oògùn ibà ẹ̀fọn, ó lò ó tán, ara kò yá. Ó tún ra irú mìíràn tí ó wọ́n ju ti ìṣáájú lọ, ó sì fi àgbo lé e. Owó tí ó yẹ kí ó fi san àwọn alágbàṣe ti bá oògùn lọ, koríko sì ti bo oko padà. Nínú gbogbo àwọn tí ó tà á lóògùn, kò sí ẹnìkan tí ó bi í pé, “Bàbá, ǹjẹ́ eégbọn bù yín jẹ láìpẹ́ yìí?” Nítorí ìbéèrè kan yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé.

N kò sọ pé kí a má bẹ̀rù ẹ̀fọn mọ́. Ibà ẹ̀fọn ṣì ni ó ń pa ọmọ wa jù, ó sì tọ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àyẹ̀wò bá fihàn pé ibà ẹ̀fọn kò sí, tí a sì tún ń gbé oògùn rẹ̀ mì, a ń ná owó lásán ni, àrùn tí ó wà lára gan-an sì ń ráyè.

Eégbọn kì í ṣe ìbátan ìdun tàbí iná orí. Alántakùn àti àkéekèé ni ìbátan rẹ̀. Bí ẹ bá ka ẹsẹ̀ rẹ̀, mẹ́jọ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́fà péré ni èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ní. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Kì í fò. Irú kan a gun orí koríko, a na ẹsẹ̀ iwájú, a sì dúró de ohun tí yóò kọjá. Irú mìíràn, pàápàá eégbọn ńlá ti màlúù tí akọ rẹ̀ ní àwọ̀ aláràbarà lẹ́yìn, a máa sáré lórí ilẹ̀ tọ èémí ẹran lọ. Eégbọn màlúù yìí a máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ayé rẹ̀: ní kékeré, nígbà tí ó bá dàgbà díẹ̀, àti nígbà tí ó bá gbó. Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan a já bọ́ sílẹ̀, a bọ́ awọ, a sì wá ẹran mìíràn. Níhìn-ín ni ewu rẹ̀ wà, nítorí àrùn tí ó bá gbé lára ẹran ìṣáájú lè tẹ̀ lé e dé ara ẹni tí yóò jẹ lẹ́yìn. Nígbà tí abo bá yó, a wú títí yóò fi dàbí kóró lárà. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ pàápàá kíyèsi ìjọra yìí, nítorí orúkọ kan náà, ricinus, ni wọ́n fi ń pe eégbọn àti lárà. Abo náà yóò wá yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó lè ju 10,000 lọ, yóò sì kú.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ ìkìlọ̀ lọ́dọọdún nípa àrùn eégbọn kan tí a ń pè ní Lyme. Orúkọ ìlú kékeré kan ni, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ní ọdún 1975 ni àwọn ìyá kan níbẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn aláṣẹ ìlera, pé eékún àwọn ọmọ àdúgbò ń wú ju bí ó ti yẹ lọ. Wọn kò dákẹ́ títí àwọn dókítà fi wá wádìí. Ní ọdún 1981, Willy Burgdorfer, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, rí kòkòrò àrùn tí ó lọ́ bí ìtàkùn nínú ikùn eégbọn. Nǹkan bí 476,000 ènìyàn ni a ṣírò pé wọ́n ń gba ìtọ́jú fún àrùn yìí lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà nìkan. Àmì rẹ̀ tí a mọ̀ jù ni pupa tí ń fẹ̀ yíká ojú ibi tí eégbọn gbé bù jẹ. Bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀, oògùn ń ṣẹ́gun rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè dé oríkèé ara, iṣan ojú àti ọkàn. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ràn àti máa rìn nínú igbó New Forest tàbí ọgbà Richmond ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó rán an létí.

Eégbọn tí ń gbé àrùn Lyme kì í ṣe olùgbé ọ̀dàn wa. Ilẹ̀ tútù ni ilé rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá kà nípa Lyme, tí ó sì ń bẹ̀rù pé òun ti kó o ní oko, kí ó fọkàn balẹ̀ ní ti èyí. Kí ó má sì fọkàn balẹ̀ jù, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni Burgdorfer ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó fi dá kòkòrò náà mọ̀. Nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Basel, lórí eégbọn ilẹ̀ Áfíríkà àti ibà alápadàbọ̀ tí ó ń fà ni ó kọ ìwé rẹ̀, èyíinì ni ibà tí ń lọ tí ó sì tún ń padà. Orúkọ Joseph Everett Dutton ni a fi sọ kòkòrò ibà náà. Dókítà yìí wá sí Nàìjíríà wa níhìn-ín ní ọdún 1900 láti wádìí ibà ẹ̀fọn. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Kóńgò, ó fi hàn pé eégbọn inú ilé ni ó ń gbé ibà alápadàbọ̀ fún ènìyàn, ibà náà sì mú òun fúnra rẹ̀. Ó kú ní Kasongo ní oṣù kejì ọdún 1905, kò tíì pé ọmọ ọdún 31. Títí di òní, ìbátan ibà yẹn ń da àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà àti Málì láàmú, níbi tí ihò eku ti ń já wọ inú yàrá.

Ní tiwa, ibà eégbọn màlúù ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Kòkòrò rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Rickettsia africae, a sì ti rí i lára eégbọn ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá tí eégbọn bu ènìyàn jẹ, ibà dé pẹ̀lú orí fífọ́ àti ìrora ẹran ara. Ojú ibi tí ó gbé bù ú jẹ yóò di egbò kékeré tí èépá dúdú bò láàrin. Nígbà mìíràn ó máa ń ju ẹyọ kan lọ. Kókó a ta ní ìwọnú itan tàbí ní abíyá. Àwọn ìwé tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ara tí ó pọ́n. Ṣùgbọ́n lára adúláwọ̀ pípọ́n yìí ṣòro láti rí, èépá náà sì lè fara pamọ́ sínú irun tàbí lẹ́yìn eékún. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ibà yìí kì í sábà pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ní àkókò tí oko kò lè dúró, oògùn doxycycline tí dókítà bá kọ sì ń lé e lọ kíákíá. Oògùn ibà ẹ̀fọn tí a ń rà kiri kò lè ṣe é.

Èyí tí ó burú ju èyí lọ wà. Ní ọdún 1944 ni ibà ẹlẹ́jẹ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ogun ní Crimea. Ní 1956 a rí kòkòrò irú rẹ̀ ní Kóńgò, a sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ọ̀kan ni wọ́n. Láàrin ọdún 1960 sí 1970, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn rí kòkòrò kan náà lára eégbọn àti màlúù ní Nàìjíríà. Ní 1964 wọ́n tún rí òmíràn lára eégbọn màlúù ní Ìbàdàn, tí wọ́n sọ ní Dugbe, bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ Dùgbẹ̀ tí gbogbo wa ti ń ná ọjà. Ti Dùgbẹ̀ rọrùn. Ti Kóńgò kò rọrùn rárá. Màlúù tí ó ní i kì í ṣàìsàn, nítorí náà kò sí ohun tí yóò ki alápatà nílọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tútù ni ó fi ń wọlé láti ojú ọgbẹ́, tàbí nígbà tí a bá fi èékánná tẹ eégbọn fọ́. Mo ti rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń fi èyí ṣeré, tí wọ́n ń díje ẹni tí tirẹ̀ yóò dún jù. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wọn lẹ́kun. Kí àwọn alápatà sì máa wọ ìbọ̀wọ́.

Àwọn ẹlẹ́ran kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé eégbọn ń jẹ èrè wọn. Ó ń ba ọmú màlúù jẹ́ títí ọmọ kò fi ní rí wàrà mu. Ó ń fa àìsàn tí omi fi ń dá yí ọkàn ẹran ká, tí àgùntàn yóò fi máa gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tí ń tẹ ẹ̀gún, tí yóò sì ṣubú; ẹran tí a kó wá láti ilẹ̀ jíjìn ni èyí ń pa jù. Èépá tí ń bo ẹ̀yìn màlúù ní àkókò òjò a máa gbilẹ̀ níbi tí eégbọn ńlá bá wà. Àwọn oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́ sì mọ awọ tí àpá ti bà jẹ́ bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ. Màlúù Ńdáámà, irú èyí tí ìjọba sìn ní Fàṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́, kì í ní eégbọn tó màlúù abiké. Ìwádìí ní Gáḿbíà ti fi èyí hàn. Ní àìpẹ́ yìí eégbọn àjèjì kan tún ti tàn wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tí oògùn kì í tètè ràn, a sì ti rí i ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Lékeléke àti adìẹ a máa ṣa eégbọn jẹ lára ẹran, wọ́n sì ṣeun; eégbọn imú ayínrín nìkan ni òwe ní kí adìẹ má sún mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnu ẹyẹ kò tó. Kí a máa yẹ ẹran wò lábẹ́ ìrù, létí àti ní ọmú, kí a sì ra oògùn tí dókítà ẹran bá yàn, ní ìwọ̀n tí ó bá sọ. Àwọn kan ń da oògùn aáyán tàbí oògùn oko kòkó sí ara ajá àti ewúrẹ́. Ajá ń lá a, ó ń kú. Ọmọ ń fọwọ́ kàn án, ó ń fi ọwọ́ náà jẹun.

Bí eégbọn bá lẹ̀ mọ́ ara yín, ẹ má ṣe fi iná sí i, ẹ má ṣe da kẹrosíìnì tàbí epo lé e. Ohun tí a rò pé yóò mú un jáde lè mú kí ó tú itọ́ sí i sínú egbò. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré, irú èyí tí a fi ń yọ ẹ̀gún, dì í mú níbi tí ẹnu rẹ̀ gbé kan awọ ara, kí ẹ sì fà á sókè tààrà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìlọ́ ọ. Bí ẹ̀mú kò bá sí, kí a fi aṣọ tàbí ọ̀rá bo ọwọ́ kí a tó fà á. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ àti omi. Bí díẹ̀ nínú ẹnu rẹ̀ bá kù sínú ara, kí a má ṣe fi abẹ́rẹ́ tú u. Ara yóò tì í jáde. Kí a má sì fi í sílẹ̀ di ọ̀la, nítorí bí eégbọn bá ti pẹ́ lára tó ni ewu ń pọ̀ sí i.

Àwọn ọdẹ, àwọn darandaran, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé tí ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń lọ wo àwókù ìlú àtijọ́ níbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí wọ́n ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ ní àwọ̀ kí eégbọn lè hàn, kí wọ́n má sì jókòó sí ibi tí màlúù ti sùn. Ọdẹ tí ó bá gbé ẹtu kọ́ èjìká, kí ó rántí pé bí ara ẹran bá ti ń tutù, eégbọn rẹ̀ ń wá ilé mìíràn. Ní alẹ́, kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò: abíyá, ìdodo, ìwọnú itan, ẹ̀yìn eékún, kí ìyá sì wo ẹ̀yìn etí àti irun orí ọmọ.

Ìmọ̀ràn kan kù tí kò ná wa ní nǹkan. Kí a fi eégbọn tí a yọ sínú ìgò kékeré pẹ̀lú sípíríìtì díẹ̀, kí a lẹ bébà mọ́ ọn, kí a kọ ọjọ́ náà àti orúkọ oko sí i. Bí ibà bá dé láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́ ni a lọ, ìbáà ṣe èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí Dókítà George Green dé ní 1907, tí ó ti di ti Yunifásítì Bowen báyìí, ìgò náà ni kí a kọ́kọ́ gbé ka iwájú dókítà kí a tó sọ pé ibà ni ó ń ṣe wá.