Ẹ má ha ilẹ̀ pákó ṣọ́ọ̀bù yín tán

Èmi káfíńtà yín ni. Àwọn kan bi mí nípa ilẹ̀ pákó ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń pa: ṣé kí wọ́n gba máṣíìnì, kí wọ́n ha á dé ara igi? Rárá o, ẹ má ha á tán.

Ìdí ni pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Bí máṣíìnì bá ha á, ó di eruku. Ọmọ tó ń rá nílẹ̀ á fọwọ́ kàn án, á ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ẹ rántí Shikira, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, ní ìpínlẹ̀ Niger wa níbí: lọ́dún 2015, òjé pa ọmọ 28 níbẹ̀. Wíwa góòlù ló fa tiwọn, kì í ṣe ọ̀dà, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ kó ọjà àti ọmọ kúrò. Ẹ fi òòlù lu orí ìṣó tó yọ wọlé. Ẹ fi àkísà tútù nu eruku, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ fi Omo díẹ̀ fọ ọ̀rá kúrò, kí ẹ fún àkísà dáadáa, torí pákó ò fẹ́ omi púpọ̀.

Ẹ wá mú sáńpépà 220, irú èyí tí a máa ń fi omi rẹ. Ẹ fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí dídán rẹ̀ ṣáà lọ, kí ọ̀dà tuntun lè di mọ́ ti àtijọ́. Ẹ nù ún, ẹ da àkísà náà nù. Tó bá gbẹ pátápátá, ibi tí igi ti hàn ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, kí ẹ tó wá kun gbogbo ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ti àkọ́kọ́ gbẹ ná o. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má dá sítóòfù: tínà ń gbaná.

Lásìkò òjò, pákó kì í tètè gbẹ. Nígbà ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ṣe é lẹ́yìn ọyẹ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ tí ọ̀dà bá ń ṣí káàkiri, ẹ kan pákó fẹ́lẹ́ lé e lórí. Èyí tí ikán bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́. Ọjà á tà o.