Ìlu Tí Ó Yẹ fún Dídá Irin Lu Nínú Ilé

Bí ẹsẹ̀ irin tí ó gbé ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ró bá ń fẹ́ ihò tuntun fún bóòtì àti nọ́ọ̀tì, àgbẹ̀ tí ó ní dìríìlì nínú ilé kò ní láti ru irin náà lọ sí ìlú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ra dìríìlì olówó ńlá, wọn a sì fi ìlu tí kò níláárí sí i lẹ́nu; kí ihò kan tó là, ìlu ti kú. Dìríìlì ni ó ń yí, ṣùgbọ́n ìlu, èyíinì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní bíìtì, ni ó ń jẹ irin. Bí owó kò bá tó, orí ìlu ni kí a náwó sí.

Ìlu akọ irin lásán mú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n igi ni ó yẹ ẹ́. Bí ó bá gbóná títí ara rẹ̀ fi dàbí aró, líle rẹ̀ ti lọ. Èyí tí a kọ HSS sí lára ni kí onílé rà: irin tí Taylor àti White mú jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1900 ni, bí ó tilẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 500 ti Celsius, kì í rọ̀. Èyí tí ó ní kóbáltì dára fún irin tí kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì tètè ń ṣẹ́. Kí àwọ̀ wúrà má ṣe tan ẹnikẹ́ni jẹ. A lè fi kun ìlu búburú pẹ̀lú.

Eré àsápajúdé ni ó ń pa ìlu jù. Bí ihò bá ti ń tóbi tó ni kí a ti rọra tó. Lára irin rírọ̀, ìlu HSS oní 3 mm lè yí ní ìgbà 2,600 ní ìṣẹ́jú kan. Oní 10 mm kò gbọdọ̀ ju 800 lọ púpọ̀. Nítorí náà, dìríìlì tí a lè dín eré rẹ̀ kù ni kí a yàn. Níbi tí kò sí iná mànàmáná, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí kò yẹ ní gígàn: kì í jó ìlu, ó sì tó fún ihò kéékèèké.

Kí a kọ́kọ́ fi ṣóńṣó irin àti òòlù sàmì sí ibẹ̀, kí ìlu má bàa yọ̀. Fún bóòtì oní 8 mm, kí a fi ìlu 4 mm ṣáájú, kí 9 mm tẹ̀lé e, kí a máa kán òróró sí i. Bí irin bá ń jáde ní kíká bí òwú, iṣẹ́ ń lọ; bí ó bá di ìyẹ̀fun, tí èéfín ń rú, ìlu ti kú, tàbí a kò tẹ̀ ẹ́ tó. Irin tí a dà, irú ti ìkòkò, nìkan ni ìyẹ̀fun jẹ́ àṣà rẹ̀. Òun kò sì fẹ́ òróró.

Ìgbà tí ihò bá kù díẹ̀ kí ó là ni ewu pọ̀ jù. Ìlu a gbá irin mú, a sì fì í yí bí àdá. Kí a dè é mọ́ tábìlì, kí a má ṣe fi ọwọ́ dì í mú. Kí a ká ọwọ́ aṣọ sókè, kí a má wọ ìbọ̀wọ́, kí a sì fi awò bojú. Bí èérún irin bá wọ ojú, kí a má ṣe fi ọwọ́ ra á tàbí fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Kí a bò ó láìtẹ̀ ẹ́, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.