Ìtọ́jú Ọ̀gà Tí Ó Fara Pa

Ẹranko tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù ni ọ̀gà, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní agẹmọ tàbí alágẹmọ. Àwọn kan kì í fẹ́ kí ó kọjá níwájú wọn, àwọn kan sì ń wá a kiri fún oògùn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé wà tí wọ́n ń sìn ín nínú àgò, tí inú wọn sì ń dùn láti máa wo ìrìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa gbé tirẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ológbò ti ja àgò, ó ti gé ẹran náà jẹ ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan níwájú sì ti kán. Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní kú?” Nígbà tí mo ń wá ìdáhùn fún un ni ó yé mi pé ohun tí àwa tí a fẹ́ ṣe àánú fún ọ̀gà ń ṣe láìmọ̀ lè tètè pa á ju ọgbẹ́ náà lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe já a kúrò lórí ẹ̀ka tí ó dì mú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀gà pín sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta ní apá kan, méjì ní apá kejì, ó sì ń fi wọ́n di igi mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ti ń di irin mú. Ẹni tí ó bá fi agbára fà á lè ṣẹ́ egungun mìíràn mọ́ èyí tí ó ti ṣẹ́. Kí a gbé e tòun ti ẹ̀ka, tàbí kí a na igi mìíràn síwájú rẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ gùn ún.

Ní ti ọgbẹ́, omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù ni kí a fi fọ̀ ọ́. Kí a po iyọ̀ mọ́ ọn, gíráàmù 9 sí lítà 1, èyí tí ó tó ṣíbí tíì kan àti ààbọ̀. Kí a rọra dà á sójú ọgbẹ́ kí ìdọ̀tí lè ṣàn lọ. Sípíríìtì, kẹrosíìnì, ẹ̀tù àti ewé gígún kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ó bá jẹ́ pé ológbò ni ó gé e jẹ, kí a má ṣe fojú kékeré wo ihò eyín, bí kò tilẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń bẹ ní ẹnu ológbò lè mú kí ọyún kó jọ lábẹ́ awọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Oníṣègùn ẹranko ni ó lè yan oògùn tí yóò pa wọ́n, nítorí ẹran tí ó lè má wúwo ju ẹyin adìẹ méjì lọ kì í ṣe ẹran tí a ń fojú díwọ̀n oògùn fún. Oògùn ìrora tiwa kò yẹ fún un rárá. Ilé-ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ọ̀dọ̀ oníṣègùn yìí kan náà ni a ó gbé egungun tí ó kán lọ. Bí a bá fi okùn dì í nílé, tí ó sì le jù, ẹsẹ̀ náà lè kú. Ìrù tí ó já kò ní hù mọ́. Ti ọmọọ́lé ni í hù padà, ti ọ̀gà kì í hù. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá fọ́, kí a má sọ ìrètí nù, nítorí pé ọ̀gà lè fi ẹyọ ojú kan mọ bí kòkòrò ti jìnnà sí i tó.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ọ̀gà kì í sábà mọ̀ pé omi ni ó wà nínú àwo. Omi tí ń kán, tí ń dán lórí ewé, ni ó ń lá. A lè gbé àwo omi síwájú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, kí òǹgbẹ sì pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà. Kí a lu ihò kékeré sí ìdí agolo, kí a gbé e lé orí àgò, kí omi máa kán sórí ewé fún bí ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nígbà ọyẹ́, kí a ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí bí apá ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí ó funfun bá pọ́n bí ọsàn, omi kò tó lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe là á lẹ́nu kí a sì da omi sí i: ọ̀nà èémí rẹ̀ wà níwájú ẹnu lẹ́bàá ahọ́n, omi lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn omi ni oúnjẹ tó kàn, nítorí oúnjẹ kì í dà dáradára nínú ẹran tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Ó lè kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ẹ̀rù má bà wá. Bí ó bá ti ń jẹ, kí a fún un ní tata, ìrẹ̀ àti eṣinṣin láàyè, èyí tí a kò mú láti oko tí a fín oògùn sí. Kí a gún èèpo ẹyin kúnná, kí a bù ú wọ́n wọn lára, nítorí egungun tí ó fẹ́ so pọ̀. Ìrẹ̀ tí ó bá ṣẹ́ kù ni kí a kó jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí pé ìrẹ̀ a máa jẹ ojú ọgbẹ́ ẹran tí kò lè sá.

Ọ̀gà kò lè dá ooru sí ara rẹ̀ bí àwa. Oòrùn òwúrọ̀ ni ó fi ń yá, oòrùn yìí kan náà ni ó sì ń jẹ́ kí ara rẹ̀ lè lo ẹbu èèpo ẹyin náà. Kí ìdajì àgò wà lábẹ́ ìbòòji kí ó lè sá síbẹ̀ bí ó bá fẹ́. Àpótí onígíláàsì kò dára nínú oòrùn. Iná ni a fi ẹran náà sí. Àwọn ènìyàn gbà pé nítorí àtifarapamọ́ nìkan ni ọ̀gà ṣe ń pa àwọ̀ dà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù, ìbẹ̀rù àti àìlera a máa mú un ṣú, nítorí náà ẹni tí ó bá rí i pé ó dúdú ní gbogbo ọjọ́, tí ó sì ń pa ojú dé lọ́sàn-án, kí ó tètè gbé e padà lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Yàtọ̀ sí èyí, kí a fi í sílẹ̀. Kí a so ẹ̀ka rẹ̀ rẹlẹ̀, kí a tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ kí ìṣubú má baà ṣe é ní ibi, kí ọ̀gà mìíràn má sì sí níbi tí ojú rẹ̀ tó. Kí ọmọdé má gbé e kiri. Egungun irú ẹran bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó so, ó sì lè gba oṣù mẹ́fà. (Ẹni tí ó bá ń lọ sí òkè òkun tí ó rò pé òun yóò gbé tirẹ̀ dání, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, nítorí pé ọ̀gà wà lábẹ́ ìwé àdéhùn àgbáyé ti 1973 lórí òwò ẹranko ìgbẹ́.)

Ti ọmọ àdúgbò wa gba oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀. Oníṣègùn di ẹsẹ̀ náà, ó sì fún un ní oògùn. Ẹsẹ̀ náà wọ́ díẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ó ń di igi mú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà so ẹ̀ka gíga padà sínú àgò, ó sì jókòó tì í. Ó tó wákàtí kan gbáko kí ọ̀gà náà tó dé òkè.