Ákírílétì, Kẹ́míkà Ọ̀dà àti Èékánná: Ewu Rẹ̀ àti Ọ̀nà Ìṣọ́ra

Ẹni tí ó bá rìn láti oríta Allen Avenue ní Ìkẹjà lọ sí ìhà Opebi yóò rí i pé ilé ìṣaralóge pọ̀ ní ojú ọ̀nà náà. Nínú wọn ni àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ti ń fi èékánná àtọwọ́dá sí ìka àwọn oníbàárà. Bí ẹni náà bá sì yí padà sí ìhà Ọba Akran àti Ògbà títí dé Agége, ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni yóò máa bá pàdé, àwọn tí ń ṣe ọ̀dà sì wà nínú wọn. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ méjèèjì kò bá ara wọn tan rárá, ṣùgbọ́n ìran kẹ́míkà kan náà ni ó wà ní ìdí wọn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni ákírílétì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará oko gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ará Èkó. Láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà àti Agége ṣì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí a kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, ni a ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ abúlé ti ń lọ wá iṣẹ́ síbẹ̀. Bí àwọn ọmọ sì ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù òfìfo ń bọ̀ wá sí oko láti ọjà, tí a sì ń pọn omi sínú rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí bàbá àti ìyá ní ilé mọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ákírílétì jẹ́ omi tí ó mọ́ gaara, tí òórùn rẹ̀ a máa ta ni nímú. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Methyl acrylate, ethyl acrylate àti butyl acrylate ni a ń lò fún ọ̀dà, àtè àti aṣọ. Methyl methacrylate, tí í ṣe ìbátan wọn, ni a fi ń ṣe díńgí oníke àti eyín àtọwọ́dá. Ìbátan mìíràn, tí a gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí HEMA, wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà èékánná tí a ń fi iná kékeré gbẹ.

Ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù. Àwọn ẹyọ wọn tí ojú kò lè rí a máa di ara wọn mú, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì bí ẹ̀wọ̀n, títí omi yóò fi di ohun líle. Ní ilé-iṣẹ́ ni a ti ń so ẹ̀wọ̀n ti ọ̀dà. Ní orí ìka oníbàárà ni a ti ń so ti èékánná. Nígbà tí ẹ̀wọ̀n náà bá ti so tán, ewu rẹ̀ ti rọlẹ̀ púpọ̀, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti bẹ̀rù ògiri tí a kùn tí ó sì ti gbẹ. Inú omi tí kò tíì so ni ewu wà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó sì pín sí.

Èkínní ni iná. Afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára methyl acrylate àti ethyl acrylate lè gba iná bí ti epo bẹntiróòlù, àní ní òwúrọ̀ tí ara tutù. Afẹ́fẹ́ náà wúwo ju èyí tí à ń mí lọ, nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń rìn mọ́, ó sì lè bá iná sìgá tàbí ti ẹ̀rọ pàdé ní ibi tí ó jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù.

Èkejì ni pé kẹ́míkà yìí lè gbóná fúnra rẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé bí a bá kó kòkó tútù jọ tí a sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, inú òkìtì náà yóò gbóná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dáná sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ákírílétì: bí àwọn ẹyọ rẹ̀ bá ti ń so, ooru ń jáde, bí ooru bá sì ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò túbọ̀ máa so kíákíá. Ṣùgbọ́n ti kòkó ní ìwọ̀n, ti ákírílétì kò ní. Ó lè hó nínú dúrọ́ọ̀mù títí dúrọ́ọ̀mù náà yóò fi bẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ní ìlú Himeji ní ilẹ̀ Japan, tánkì acrylic acid, èyí tí a fi ń ṣe ákírílétì, gbóná fúnra rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan títí ó fi bú gbàmù. Panápaná kan kú, ènìyàn mẹ́rìndínlógójì sì fara pa.

Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe é fi máa ń po oògùn ìdènà díẹ̀ mọ́ ọn kí wọn tó rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó yẹ kí a mọ̀ pé oògùn náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́ lásán tí à ń mí. Ìdí nìyí tí a kì í fi í rọ dúrọ́ọ̀mù kún dé ẹnu. Oògùn náà a sì máa tán díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kẹ́míkà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kì í ṣe ohun ìpamọ́.

Ẹ̀kẹta ni ewu ti ara ènìyàn. Òórùn rẹ̀ a máa ta ojú, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Bí ó bá kan awọ ara, ó lè mú kí ó pupa, kí ó máa yún, kí ó sì lé ròrò. Èyí tí ó burú jù ni pé ara ẹlòmíràn, lẹ́yìn tí ó bá ti ń kàn án fún ìgbà díẹ̀, yóò kọ̀ ọ́. Ara tí ó bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́ títí ọjọ́ ayé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ní ìṣòro lọ́jọ́ iwájú bí dókítà bá fẹ́ dí ihò eyín rẹ̀, nítorí pé ìran kẹ́míkà yìí wà nínú ohun tí a fi ń dí eyín. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìkìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn lórí irú àìsàn yìí láti ara èékánná àtọwọ́dá. Ní Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ti gbógun ti títa ògidì methyl methacrylate fún èékánná, nítorí ìpalára tí ó ṣe.

Kí ni ṣíṣe? Ní ilé-iṣẹ́, abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí dúrọ́ọ̀mù wà, kì í ṣe inú oòrùn, kí ooru rẹ̀ má sì ju ìwọ̀n 35 ti Celsius lọ. Kí òṣìṣẹ́ lo awò ojú, ìbọ̀wọ́ tí ó bá kẹ́míkà náà mu, àti aṣọ iṣẹ́. Bí ó bá dà sílẹ̀, iyanrìn gbígbẹ ni kí a dà lé e. A kò gbọdọ̀ gbá a sí gọ́tà tàbí sí ìtòsí kànga. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ń gbóná láìsí ìdí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe súnmọ́ ọn láti wò ó. Kí gbogbo ènìyàn sá jìnnà, kí a sì pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Èkó.

Ní ilé ìṣaralóge, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ìgò sì wà ní dídé. Kí oníṣẹ́ má ṣe jẹ́ kí omi náà kan awọ ara tirẹ̀ tàbí ti oníbàárà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà lásán kò tó, nítorí pé kẹ́míkà náà a máa là á kọjá láìpẹ́. Ìbọ̀wọ́ nitrile dára jù ú lọ, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ bí omi náà bá ti kàn án. Kí ó fi nǹkan bo imú nígbà tí ó bá ń fá èékánná, nítorí eruku rẹ̀.

Bí kẹ́míkà náà bá ta sí ojú tàbí ara, omi mímọ́ púpọ̀ ni kí a fi ṣàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí a bọ́ aṣọ tí ó kàn, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹnìkan bá gbé e mì, a kò gbọdọ̀ fún un ní epo pupa, a kò sì gbọdọ̀ fi ipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù ni ó kù. Dúrọ́ọ̀mù tí a pè ní òfìfo kì í ṣófo tán. Ìwọ̀nba tí ó kù ní ìsàlẹ̀ tó láti ba omi mímu jẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì tó láti pa wẹ́dà tí ó bá fi iná gé e. Kí a má ṣe fi í pọn omi, kí a má ṣe rẹ ẹ̀gẹ́ sínú rẹ̀, kí a má sì rọ epo sí i, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra dúrọ́ọ̀mù, kí ó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí olùtà kò bá lè sọ, kí ó fi í sílẹ̀ fún un.

Òfin wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́. Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ láti dáàbò bo àwọn tí ó gbà síṣẹ́. Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sì wà fún ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára tàbí tí ó kó àìsàn níbi iṣẹ́. Kò sí àfojúdi nínú kí òṣìṣẹ́ béèrè ìwé tí ó ṣàlàyé ewu kẹ́míkà tí a gbé lé e lọ́wọ́.

Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i láti Ìkẹjà, kí ó bi í léèrè irú ohun tí ó ń fi ọwọ́ kàn, kí ó sì wo ọwọ́ náà pẹ̀lú.