Rédíò ọkọ̀ dákẹ́: ẹ wo fúùsì kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọkọ̀ kó èrò láàárín Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Lóṣù tó kọjá, rédíò rẹ̀ dákẹ́ lójijì. Ẹni tó kọ́kọ́ bá a wò ó rí i pé fúùsì ti jó. Kò fi òmíràn sí i. Bébà dídán inú páálí sìgá ló fi wé e. Rédíò fọhùn, inú gbogbo wa dùn.

Lọ́jọ́ kejì, òórùn rọ́bà tó ń jó gba inú ọkọ̀ kan. Èrò mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó sì yọ orí bátìrì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Kí ló fà á? Waya tó ń gbé iná lọ sẹ́yìn rédíò ti bó, ó sì ń kan irin ọkọ̀. Fúùsì jó kí waya má bàa jó: iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, iye tí wọ́n kọ sí i lára, bíi 10 tàbí 15, náà ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má fi èyí tó jù ú lọ sí i. Bí tuntun bá tún jó, ẹ wá ibi tí waya ti bó.

Nínú ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ń tà lọ́jà, waya dúdú ló ń lọ sára irin ọkọ̀. Aláwọ̀ ìyeyè máa ń ní iná nígbà gbogbo. Òun ni rédíò fi ń rántí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti tò sí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ ni pupa ń ní iná. Bí rédíò yín bá ń gbàgbé gbogbo rẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pa ọkọ̀, ó lè jẹ́ pé ìyeyè àti pupa ti gba ipò ara wọn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn Volkswagen kan.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Nígbà tí wọ́n tún waya ṣe, tí wọ́n dá orí bátìrì padà, rédíò ní òun fẹ́ nọ́ńbà àṣírí. Àwọn rédíò kan tó bá ọkọ̀ wá láti Yúróòpù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí olè. Ẹ má méfò: tẹ́ ẹ bá ṣì í léraléra, á ti ara rẹ̀ pa.

Ẹ̀gbọ́n mi rí tirẹ̀ nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu, ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ sì ra fúùsì méjì mẹ́ta pamọ́ sínú ọkọ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí èrò.